Owó-orí oníṣẹ́ àdáni n'Ìbàdàn: níbi tọ́rọ̀ ti máa ń lọ́ pọ̀

Àwọn ìbéèrè yìí ló máa ń wá lemọ́lemọ́ lọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán kọ̀ǹpútà, atúmọ̀ èdè, oníṣirò owó àti kọ̀ǹsọ́tánǹtì tó ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn ní Bódìjà, Challenge, Àkóbọ̀ àti káàkiri ìlú. Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin owó-orí tuntun ní 26 oṣù kẹfà 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù kìíní 2026. Nítorí náà, ìṣirò tó wà níbí jẹ́ ti owó tó bá wọlé láti 2026. Owó 2025 ṣì wà lábẹ́ òfin àtijọ́. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ràn ₦400,000 fún ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó. ₦380,000 ni wọ́n san, wọ́n ní ₦20,000 tó kù ti lọ fún ìjọba. Mo dé ọ́fíìsì owó-orí ìpínlẹ̀ wa níbí, wọ́n ní kò sí kọ́bọ̀ kan lórúkọ mi. Ibo lowó mi wà?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó ti wọ àpò tí kì í ṣe tiyín. ₦20,000 yẹn ni owó-orí àyọsílẹ̀, WHT lẹ́nu àwọn oníṣirò, 5% iye iṣẹ́ ìmọ̀ràn tàbí iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n (iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ àkànṣe, professional services). Àsansílẹ̀ ni fún yín. Nígbà tí ọdún bá parí, ẹ ó yọ ọ́ kúrò nínú owó-orí tó yẹ kẹ́ ẹ san. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rí rẹ̀ kò bá sí, ẹ ó san owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi yẹ kó dùn yín.

Ọ̀nà mẹ́rin ló sábà máa ń gbà ṣìnà. Ó lè ti wọ àpò ìjọba àpapọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ń gba ti kọ́ńpìnnì tó jẹ́ Limited; ti ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ti orúkọ okòwò lásán, ìpínlẹ̀ tí ẹni náà ń gbé ló ni ín. Akọ̀wé owó tó bá rí "Ventures" tàbí "Consult" lórí ínfọ́ìsì máa ń rò pé kọ́ńpìnnì ni. Ó sì lè ti wọ àpò Èkó, torí pé Èkó ni ẹni tó sanwó wà. Ibi tí ẹ̀yin ń gbé ló ń pinnu, kì í ṣe ibi tí ọ́fíìsì wọn wà. Ó tún lè jẹ́ pé ó dé Ọ̀yọ́ lóòótọ́, àmọ́ orúkọ iṣẹ́ ni wọ́n kọ, tí kò bá orúkọ tó wà lórí NIN yín mu, tí kọ̀ǹpútà ò sì mọ ẹni tó ni ín. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n yọ ọ́, wọn ò sì tíì san án fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ kọ í-meèlì sí ẹ̀ka ìṣirò owó wọn. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún yín kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, òun kì í mọ̀. Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ béèrè: ríṣíìtì tí wọ́n fi san án fún ìjọba, ọjọ́ tí wọ́n san án, àti orúkọ pẹ̀lú nọ́ńbà owó-orí tí wọ́n kọ sí i. Ẹ fi ínfọ́ìsì yín àti ojú ìwé báńkì tó ń fi ₦380,000 hàn mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ àpò mìíràn ló wọ̀, ilé-iṣẹ́ yẹn ló máa kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gbé e padà sí Ọ̀yọ́. Lẹ́tà tiyín nìkan kò lè gbé e. Ẹ má dúró di oṣù kẹta kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìparí oṣù yẹn ni gbèdéke ìwé owó-orí, gbogbo ayé ló sì ń wá ríṣíìtì tiwọn nígbà náà.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa kọ ìlà kan sísàlẹ̀ ínfọ́ìsì yín pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yín, pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lẹ̀ ń gbé, pé ibẹ̀ ni kí wọ́n san WHT sí, kẹ́ ẹ wá kọ nọ́ńbà owó-orí yín tó so mọ́ NIN. Ẹni tí kò bá fún wọn ní nọ́ńbà, ìlọ́po méjì ni wọ́n máa yọ: ₦40,000 dípò ₦20,000. Bí VAT, ìyẹn owó-orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà àti iṣẹ́, bá wà lórí ínfọ́ìsì, orí iye iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ti ń ṣírò 5% náà, kì í ṣe orí àpapọ̀.

Ìbéèrè: Ọdún méjì ni mi ò fi kọ ìwé owó-orí ránṣẹ́. Wọ́n wá gbé ìwé wá sílé pé mo jẹ ₦480,000. N ò rí owó tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé kí n kàn fi sílẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má fi sílẹ̀. Bí ẹnì kan ò bá kọ iye owó tó wọlé fún un, òfin gba ọ́fíìsì owó-orí láàyè láti fojú bù ú. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti ta kò ó, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ lẹ́nu lásán. Lẹ́tà ni, kó sọ ibi tí iye náà ti ṣìnà, kó sọ iye tẹ́ ẹ gbà pé ó tọ́, kí ìwé owó-orí ọdún méjèèjì tẹ́ ẹ ò kọ tẹ́lẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀, pẹ̀lú ojú ìwé báńkì. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí ẹ̀dà tẹ́ ẹ máa mú bọ̀ wálé. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ló máa gbà yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá láìsí lẹ́tà, gbèsè gidi ni ₦480,000 yẹn máa dà. Bí wọn ò bá gba ìtakò yín, ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn wà láti gbé ẹjọ́ lọ sí Tax Appeal Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó-orí, tí ẹ̀ka Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn rẹ̀ wà n'Ìbàdàn níbí.

Ìbéèrè: Gbogbo owó tó wọlé fún mi lọ́dún kò ju ₦700,000 lọ. Wọ́n ní ẹni tí kò bá tó ₦800,000 kì í san nǹkan kan. Ṣé kí n ṣì yọjú?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Òdo ni owó-orí yín, àmọ́ ìwé gbọ́dọ̀ lọ, kó tó di 31 oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀lé e. Ìtanràn àìkọ̀wé jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ ó nílò ìwé ẹ̀rí owó-orí, TCC, bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba kọ́ńtírákítì ìjọba tàbí ra ilẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ọdún mẹ́ta ló sì máa ń wò sẹ́yìn. Ẹni tó ti ń kọ òdo lọ́dọọdún ń rí i gbà láìsí wàhálà.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó gidi ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Kí la lè yọ kúrò kí wọ́n tó ṣírò?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká mú ayàwòrán kọ̀ǹpútà kan ní Bódìjà tí ₦6,000,000 wọlé fún lọ́dún. ₦1,400,000 ló ná sórí iṣẹ́: dátà, epo jẹnẹrétọ̀, owó sọ́fítíwíà, owó ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ oníbàárà, àti owó ẹni tó bá a ṣe lára iṣẹ́ náà. Ó ku ₦4,600,000. Owó ilé tó ń gbé jẹ́ ₦600,000 lọ́dún. Òfin tuntun gbà kó yọ 20% rẹ̀, ìyẹn ₦120,000. Èyí tó pọ̀ jù téèyàn lè yọ lórí owó ilé ni ₦500,000. Ó ku ₦4,480,000.

₦800,000 àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, òdo. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, 15%: ₦330,000. ₦1,480,000 tó kù, 18%: ₦266,400. Àpapọ̀ rẹ̀, ₦596,400. Bó bá ní ríṣíìtì WHT ₦200,000 lọ́wọ́, ₦396,400 ni yóò san. Bí ríṣíìtì ò bá sí, ₦596,400 gérégé ni. Nínú àpẹẹrẹ yìí, owó-orí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó tó wọlé, nítorí náà kí ẹni tó wà nírú ipò yìí máa yọ ₦1 nínú ₦10 sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ tí owó bá ti dé. Ẹni tó ń dúró di oṣù kẹta kó tó wá a, á ti ná an.

(18% yẹn ń lọ títí tí owó fi pé ₦12,000,000. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 21%, 23%, àti 25% fún èyí tó bá ju ₦50,000,000 lọ.)

Ibi tí ọ́fíìsì owó-orí kì í ti gba ìnáwó téèyàn kọ nìyí: láptọ́ọ̀pù kì í ṣe ìnáwó ọdún kan, ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n ń pín in sí. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń gbé iná ilé àti ti iṣẹ́, apá ti iṣẹ́ nìkan lẹ máa kọ. Bẹ́ ẹ bá ti yọ 20% lórí owó ilé, ẹ má tún ka ilé kan náà sí ìnáwó ọ́fíìsì. Owó ilé tẹ́ ẹ fi kéèṣì san fún lánlọ́ọ̀dù tí kì í kọ ríṣíìtì, ẹ ò ní rí nǹkan fi hàn; ẹ san án láti báńkì, kẹ́ ẹ kọ "owó ilé" àti ọdún rẹ̀ sí i. Ẹ má ju ìwé kankan nù kí ọdún mẹ́fà tó pé.

Ìbéèrè: Dọ́là ni mo ń gbà, òkèèrè làwọn oníbàárà mi wà. Ẹnì kan ní owó tó wá láti òkèèrè kì í san owó-orí. Ẹlòmíì ní Amẹ́ríkà máa yọ 30%.

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì ṣìnà. Ìbàdàn lẹ jókòó sí ṣe iṣẹ́ náà, Ọ̀yọ́ lẹ̀ ń gbé, owó náà wà lára èyí tẹ́ ẹ máa kọ. Ẹ kọ iye náírà rẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé, ní iye tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, kéde. Bí oníbàárà bá san $500 tí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ti ríṣẹ́ sì mú $50, ẹ kọ $500 sí owó tó wọlé, kẹ́ ẹ kọ $50 sí ìnáwó. Ẹ má kọ $450, torí iye tí oníbàárà ní òun san kò ní bá tiyín mu. VAT orí irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe fún ẹni tó wà lókè òkun jẹ́ òdo.

Ní ti Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù W-8BEN ni wọ́n máa fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ẹ má fọwọ́ sí W-9, ti àwọn ará Amẹ́ríkà nìyẹn. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà kì í ṣe owó tí wọ́n ń yọ 30% lára rẹ̀. Apá kejì fọ́ọ̀mù náà, níbi tí wọ́n ti ń béèrè àdéhùn owó-orí láàárín orílẹ̀-èdè méjì, ẹ fi sílẹ̀ lófìfo: kò sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà, ẹni tó bá sì kọ ọ́ ń fọwọ́ sí ohun tí kò sí. Èyí tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí ní 2026 á ṣiṣẹ́ dé 31 oṣù kejìlá 2029.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ní kí n sọ iṣẹ́ ìmọ̀ràn mi di Limited, pé kọ́ńpìnnì kékeré kì í san owó-orí. Òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni fún ẹni tó ń ta ìrẹsì tàbí ń rán aṣọ. Kọ́ńpìnnì tí owó tó ń wọlé fún un kò ju ₦100,000,000 lọ lọ́dún, tí dúkìá rẹ̀ ò sì ju ₦250,000,000 lọ, òdo ló ń san. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé okòwò tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kò sí lára kọ́ńpìnnì kékeré. Kọ̀ǹsọ́tánǹtì tó bá sáré di Limited lè bá ara rẹ̀ nídìí 30% lórí èrè, pẹ̀lú 4% owó ìdàgbàsókè, nígbà tí ẹni tó wà lórúkọ ara rẹ̀ ń san 15% àti 18%. Kí ẹ tó lọ, ẹ ṣírò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Orúkọ okòwò ní CAC, àjọ tó ń forúkọ okòwò àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀, tó fún ọ̀pọ̀ wa. Bó bá jẹ́ orúkọ àbísọ àti orúkọ ìdílé yín nìkan lẹ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ ò tilẹ̀ nílò rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi ohunkóhun kún un, ẹ forúkọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 28 tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún ìforúkọsílẹ̀, ẹ máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC kó tó di 30 oṣù kẹfà. Ti CAC yàtọ̀ sí ti owó-orí o. Ṣíṣe ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́.

Ìbéèrè: Oníbàárà san ìdajì, ó gba lógò lọ, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò gbé fóònù mi mọ́.

Ìdáhùn: Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ya á lẹ ṣì ni ín, àfi bí ìwé kan tẹ́ ẹ fọwọ́ sí bá sọ pé ó ti di tiẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ tọ́jú WhatsApp tó ti gbéṣẹ́ fún yín, kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà ìbéèrè gbèsè: iye tó kù, ọjọ́ méje tàbí mẹ́rìnlá láti san án, àti pé ẹ ò fún un láṣẹ láti lo lógò náà títí yóò fi san. Ọ̀pọ̀ gbèsè ń parí síbí. Bí kò bá parí, kóòtù Májísíréètì n'Ìyágànkú ló kàn, lẹ́tà yẹn ni adájọ́ sì máa kọ́kọ́ béèrè. Fún iṣẹ́ tó ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìgbà tí owó bá pé ni iṣẹ́ di ti oníbàárà, kẹ́ ẹ má sì fún un ní fáìlì gidi ṣáájú ìgbà náà.

Ìbéèrè: Àwọn kan wá láti kánsù, wọ́n ní kí n san owó ṣọ́ọ̀bù. Yàrá mi ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sí pátákó níta. Wọ́n fẹ́ gba ₦15,000 lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó lọ.

Ìdáhùn: Kánsù ló ni owó ṣọ́ọ̀bù àti kíósìkì lóòótọ́, àmọ́ yàrá tí kò sí ọjà tàbí pátákó níbẹ̀ kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ gba ìwé ìbéèrè owó tó ní orúkọ kánsù, ìdí owó náà àti nọ́ńbà àkáǹtì, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ ó kọ èsì sí ọ́fíìsì. Ẹ má fi kéèṣì lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọn ò bá ní ìwé láti fún yín, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa san.