Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú yíyan àwòrán bí a bá fura sí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró

Fíìmù tí àwọn ọmọ màmá kan gbé wá bá wa láti Mòníyà mọ́ kedere, ó sì ti ná wọn lówó, ṣùgbọ́n kò lè dáhùn ohun tí a ń wá. Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ itan fún màmá nìyẹn. Mímí wọn ń yára, ẹsẹ̀ wọn kan wú, ó sì ń dùn wọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó kọ ìwé àyẹ̀wò kọ “CT àyà” nìkan. Nígbà tí wọ́n dé ibi àyẹ̀wò, èyí tí kò ní oògùn ni owó rẹ̀ kéré, òun náà ni wọ́n sì ṣe.

Èyí ni àṣìṣe tí mo rí jù ní Ìbàdàn. Oògùn tí a ń fà sínú iṣan ni ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn funfun nínú àwòrán, kí èyí tí ó dì sì dúdú láàárín rẹ̀. Láìsí i, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Àsìkò tí wọ́n ya àwòrán náà ṣe pàtàkì, nítorí bí oògùn bá ti kọjá iṣan ẹ̀dọ̀fóró kí ẹ̀rọ tó yà á, iṣẹ́ bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ CTPA, ìyẹn CT iṣan ẹ̀dọ̀fóró tí a fi oògùn yà, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀.

Ẹ má ṣe tìtorí pé X-ray àyà mọ́ kí ẹ dá aláìsàn padà sílé. Òtútù àyà tàbí omi inú àyà ni ó lè fi hàn wá.

D-dimer, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó ń wá àmì ẹ̀jẹ̀ dídì, kì í ṣe àwòrán, ṣùgbọ́n òun ni ó yẹ kí ó sọ bóyá a nílò àwòrán nígbà tí ìfura kò bá pọ̀. Oyún, iṣẹ́ abẹ, jẹjẹrẹ àti àkóràn ń gbé e sókè. Nínú ìṣirò Wells, tí a fi ń díwọ̀n bí ìfura ṣe pọ̀ tó, ẹsẹ̀ màmá gba 3, iṣẹ́ abẹ gba 1.5, ó ti ju 4 lọ, D-dimer kò tún wúlò fún wọn. Fún ẹni tí ìfura rẹ̀ kò pọ̀ tí ó sì ti lé ní 50 ọdún, a lè fi 10 sọ ọjọ́ orí rẹ̀ di púpọ̀: ẹni 70 ọdún, 700 ni ààlà rẹ̀, kì í ṣe 500, bí ilé àyẹ̀wò bá ń fi ng/mL FEU wọn D-dimer.

Àwọn kan kì í fẹ́ ya àwòrán kankan fún aláboyún, èyí tí ó léwu ju ìtànṣán tí wọ́n ń sá fún lọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, ẹ fi ultrasound wò ó ná. Bí X-ray bá mọ́, V/Q, àwòrán tí ó ń fi bí afẹ́fẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé inú ẹ̀dọ̀fóró hàn, dára, CTPA náà kò sì léèwọ̀ níbi tí kò bá sí V/Q. Ẹni tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já, ẹ má ṣe kọ́kọ́ gbé e lọ sínú ẹ̀rọ CT. Ẹ gbé ultrasound ọkàn wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Ní ti màmá, a kò rán wọn padà fún CT mìíràn lóru ọjọ́ náà. A bi oníṣẹ́ abẹ wọn bóyá ewu kí ẹ̀jẹ̀ máa dà ṣì wà, a bẹ̀rẹ̀ heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, a sì fi ultrasound wo itan wọn: ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ńlá níbẹ̀, ìtọ́jú kan náà sì ni pẹ̀lú ti ẹ̀dọ̀fóró.