Bí A Ṣe Ń Fi Omi Mú Kí ESC Ọkọ̀ Ojú Omi Onírìmóòtù Tutù

ESC (electronic speed controller, ìyẹn ohun tó ń darí eré mọ́tò) ni àpótí kékeré tó wà láàárín bátìrì àti mọ́tò tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀. Gbogbo iná tí mọ́tò ń jẹ, inú rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Bí iná náà bá di ìlọ́po méjì, bóyá láti 40A sí 80A, ooru tí wáyà inú rẹ̀ ń mú wá á di ìlọ́po mẹ́rin. A sì ti dé ọkọ̀ náà pa kí omi má bàa wọlé, torí náà atẹ́gùn ò ráyè wọ ibẹ̀. Omi la máa fi gbà á sílẹ̀.

Kọ́kọ́ yẹ ara ESC rẹ wò. Bí ẹnu irin kékeré méjì bá yọ lára rẹ̀, ọ̀nà omi nìyẹn.

Wá ibi tí omi á ti wọlé. Nínú ọkọ̀ asáré, ihò máa ń wà níwájú ìtọ́kọ̀; eré tí ọkọ̀ ń sá ló ń ti omi wọ inú rẹ̀, kò nílò pọ́ǹpù. Bí ọkọ̀ rẹ kì í bá sáré, fi ẹnu páìpù sẹ́yìn abẹ̀bẹ̀, kí ó kọjú sí i, kí omi tí abẹ̀bẹ̀ ń gbọ́n lè wọ̀ ọ́.

Fi páìpù rọ́bà tó le dáadáa so ó mọ́ ESC. ESC ni kí omi kọ́kọ́ dé, kó tó lọ sí òrùka omi tó yí mọ́tò ká, torí bó bá ti ara mọ́tò wá, ó ti lọ́wọ́ọ́rọ́. Má ṣe jẹ́ kí páìpù ṣẹ́ ní kọ̀rọ̀. ESC mi kan jóná bẹ́ẹ̀: páìpù dára lójú mi, àṣé ìgbàkigbà tí mo bá ti ìdérí ọkọ̀ pa ló ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ.

Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, lókè ojú omi, ni kí omi ti jáde, níbi tí wàá ti máa rí i láti etí omi. Èyí ṣe pàtàkì jù lọ sí mi. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sáré tí o kò rí omi kó máa tú jáde, dá a padà kíákíá. Koríko tàbí iyanrìn ti dí ẹnu páìpù.

Kí ọkọ̀ tó kan omi rárá, yọ bátìrì, ti ìdérí pa, kí o fi sírínjì ti omi gba ẹnu ìwọlé. Ó gbọ́dọ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣí ìdérí, kí o fi tíṣù kan gbogbo oríkèé páìpù. Bí tíṣù bá tutù, ó ń jò.

Wá wà á fún ìṣẹ́jú méjì péré, dá a padà, yọ bátìrì, fọwọ́ kan ESC. Bí ọwọ́ rẹ kò bá lè dúró lé e fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ó ti gbóná jù. Bí omi bá sì ń jáde dáadáa, abẹ̀bẹ̀ ni kí o fura sí: fi èyí tó kéré sí i dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń pààrọ̀ ESC léraléra nígbà tó jẹ́ pé abẹ̀bẹ̀ ńlá ló ń fa iná.

Bó bá jẹ́ omi òkun lo ti wà á, fi omi tí kò níyọ̀ fọ inú páìpù nígbà tí o bá délé, kí o sì fẹnu fẹ́ ìyókù jáde.