Bí a Ṣe Ń Ṣàkójọ Àwọn Eléré Ìje Tó Ti Nandi Wá

Ẹni tó bá fẹ́ ṣàkójọ àwọn gbajúmọ̀ eléré ìje tó ti káúńtì Nandi ní Kẹ́ńyà wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu pé ibi tí wọ́n bí wọn sí ni òun yóò tẹ̀ lé, kì í ṣe orílẹ̀-èdè tí wọ́n sáré fún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Wilson Kipketer, ọmọ Kapchemoiywo tó gba wúrà àgbáyé 800 mítà fún Dẹ́ńmáàkì ní 1995, 1997 àti 1999, yóò bọ́ sílẹ̀, àdánù ńlá sì ni. Nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́, ẹ wá agbègbè Rift Valley, tí Nandi wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú, nítorí ìwé òfin Kẹ́ńyà ti ọdún 2010 ló dá káúńtì sílẹ̀. Ẹ kọ ìdíje àti ọdún sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: Kipchoge Keino, wúrà 1500 mítà, Òlíḿpíìkì 1968.