Bí mo ṣe tọpa Rẹ́jímẹ́ǹtì 26 ti North Carolina

Raleigh, ní North Carolina, ni mo ń gbé, itẹ́ òkú Oakwood ò sì jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni mo ti rí sàréè Kọ́nẹ́lì Henry King Burgwyn, ọmọ ọdún 21 tó kó nǹkan bí 800 ọkùnrin, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Rẹ́jímẹ́ǹtì 26, lọ sójú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà fún àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù, tí wọn ò fẹ́ kí ẹrú bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ọdún 21 kẹ̀! Mo ní màá tú ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Káàdì tí wọ́n kọ àkọsílẹ̀ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan sí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ, ọjọ́ tó wọṣẹ́, "ó wà," "kò sí," "ọta bà á ní Gettysburg." Kọ́ńpánì F, ọ̀kan lára ìsọ̀rí rẹ́jímẹ́ǹtì náà, àwọn ará agbègbè Caldwell, ni mo mú. Àwọn tó ń jẹ́ Coffey pọ̀ níbẹ̀ débi pé mo sọ ọkùnrin méjì di ẹyọ kan; odidi alẹ́ méjì ni mo fi tú wọn sílẹ̀.

Mo wá to ogun wọn tẹ̀léra: New Bern àti Malvern Hill ní 1862, lábẹ́ Zebulon Vance tó padà di gómìnà, Gettysburg, títí dé Appomattox, níbi tí wọ́n ti túúbá, ní 1865. Ti Gettysburg ló mú mi wa mọ́tò lọ sí Pennsylvania.

Willoughby Run, odò tí wọ́n sọdá ní Gettysburg, tí mo ti ń fọkàn rò bí odò ńlá, òkúta mẹ́ta ni mo tẹ̀ tí mo fi dé òdìkejì. Igbó ibẹ̀ gòkè díẹ̀, inú rẹ̀ sì ni àwọn ará Michigan, ọmọ ogun Àríwá, ti ń dúró dè wọ́n ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 1863. Ẹni tó bá ti gbé àsíá ni ìbọn ń wá. Àwọn tó gbé e tí wọ́n sì ṣubú ju mẹ́wàá lọ. Burgwyn náà gbé e, ọta wọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kú. John Lane, igbákejì rẹ̀, gba àsíá náà. Ọta gba ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ wọlé, ó gba ẹnu jáde. Síbẹ̀ kò kú!

Ìgbà tí mo délé ni mo ka ọ̀rọ̀ Kincian, ẹrú tó tẹ̀lé Burgwyn lọ sógun, tó sì kó ẹrù rẹ̀ padà wálé lẹ́yìn ikú rẹ̀. Mo tú káàdì títí, n ò rí tirẹ̀. Mo bá kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ti kọ́nẹ́lì nínú ìwé mi. Àyè ọjọ́ orí, òfìfo. Àyè orúkọ bàbá, òfìfo.