Bí A Ṣe Ń Fi Máàpù Kan Kọ́ Kíláàsì Nípa Àdéhùn Versailles

Àdéhùn Versailles ni ìwé tí Jámánì àti àwọn tó ṣẹ́gun rẹ̀ bu ọwọ́ lù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní; ó kan àwọn ilẹ̀ tí Jámánì ń ṣàkóso ní Áfíríkà pẹ̀lú. Fún olùkọ́ ìtàn l'Ákùúrẹ́: ra káàdíbọ́ọ̀dù funfun kan, pẹ́ńsù, rúlà àti máákà mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún orílẹ̀-èdè tó gba ilẹ̀ Jámánì. Pupa ni ti Gẹ̀ẹ́sì, búlúù ni ti Faransé, àwọ̀ ewé ni ti Bẹ́ljíọ̀mù, dúdú ni ti Gúúsù Áfíríkà.

Kó o tó ya ohunkóhun, kọ déètì mẹ́ta sójú bọ́ọ̀dù. 11 oṣù kọkànlá 1918: ìbọn dákẹ́. 28 oṣù kẹfà 1919: wọ́n bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn. 10 oṣù kìíní 1920: àdéhùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ọmọ sábà máa ń da àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ ìkejì. Ọmọ ogun àwọn ọ̀tá Jámánì ti gba Tógò láti 1914 àti Kamẹrúùnù láti 1916, àmọ́ abala 119 nínú ìwé yẹn ni Jámánì ti fọwọ́ sí i pé òun yọwọ́ yọsẹ̀ nínú gbogbo ilẹ̀ òun lókè òkun.

Fi pẹ́ńsù ya ilẹ̀ mẹ́rin tí Jámánì ní ní Áfíríkà: Tógò, Kamẹrúùnù, Namibia òní, àti ilẹ̀ ìlà-oòrùn tó di Tanganyíkà (Tanzania òní láìsí Zanzibar), Rwanda àti Burundi. Ìlà ni kó o fà sínú wọn, má kun wọn délẹ̀. Abala 22 sọ ẹni tó gba ilẹ̀ di alágbàtọ́ lábẹ́ Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè (League of Nations), ẹgbẹ́ àgbáyé tó wà ṣáájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN). Bó o bá kùn ún délẹ̀, ọmọ á rò pé wọ́n fi ta á lọ́rẹ ni.

Dúdú ni Namibia òní. Tanganyíkà pupa; Rwanda àti Burundi àwọ̀ ewé. Pín Tógò sí mẹ́ta lóròó: ìdá kan lápá ìwọ̀-oòrùn jẹ́ pupa, méjì tó kù búlúù.

Kamẹrúùnù ló gba sùúrù jù. Bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà Nàìjíríà, kò sì so pọ̀: ó já nítòsí Yola, níbi tí odò Bẹ́núé ti kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máàpù ti ń ṣìnà. Sàmì sí Mubi àti Gembu nínú pupa náà. Lẹ́yìn ìdìbò 1961, apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí wá sí Nàìjíríà, apá gúúsù rẹ̀ lọ sí Kamẹrúùnù. Fi ìlà gígé-gígé ya èyí, nítorí kò sí nínú àdéhùn 1919.

Nísàlẹ̀ máàpù, kọ ọ́ gàdàgbà pé kò sí ará Tógò tàbí ará Kamẹrúùnù kankan tó bu ọwọ́ lu ìwé náà. Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ tó ja ogun Kírìjì ni wọ́n jọ fọwọ́ sí àdéhùn 1886. Jẹ́ kí àwọn ọmọ fi méjèèjì wéra kí aago tó lù.