Ẹ Wọn Ọ̀já Kí Ẹ Tó Fún Un: Eré Ìdárayá Onídè fún Ẹni tí Kíndìnrín Rẹ̀ Kò Ṣiṣẹ́ Tó Mọ́

Ìwé yìí wà fún ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ó ní àìsàn kíndìnrín, àti fún ará ilé tí yóò máa ràn án lọ́wọ́. A kò ní sọ̀rọ̀ iyọ̀, omi mímu àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru níbí. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn ní kíníkì. Eré ìdárayá onídè ni ọ̀rọ̀ wa: à ń fi ọ̀já afẹ́fẹ́ de òkè itan tàbí òkè apá, a ó wá gbé ẹrù fífúyẹ́. Àṣìṣe kan ṣoṣo la torí rẹ̀ tẹ ìwé náà. Àwọn èèyàn ń de ara wọn láì wọn ohunkóhun.

Yoshiaki Sato, ará Japan, ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí ní 1966. Kaatsu ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Àìsàn kíndìnrín máa ń jẹ iṣu ẹran itan títí àtidìde lórí àga yóò fi di iṣẹ́. Ẹrù wúwo lè dá ẹran náà padà, ṣùgbọ́n ó máa ń ti ìfúnpá sókè. Ọ̀já ló ń jẹ́ kí ẹrù kékeré ṣe iṣẹ́ tó sún mọ́ ti ńlá. Àwọn olùwádìí ní Brasil lò ó fún oṣù 6 lára àwọn tó wà ní ìpele 2 àìsàn yìí, ìdajì agbára tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ni wọ́n sì fi dè wọ́n. Ìdajì ni a wí. A kò ní kí ẹsẹ̀ kú.

Ohun tí a fi ń dè é

Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wọ ẹsẹ̀. À ń dín bó ṣe ń wọlé kù, a sì ń sé ọ̀nà tó ń gbà padà. Ìyá tó ń pọnmọ mọ irú ìyàtọ̀ yìí: ọ̀já dẹ̀, ọmọ yọ̀ wálẹ̀, ọ̀já fún jù, ọmọ ké. Ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í ké, nítorí náà ẹ̀rọ ni kí a fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú, kì í sì í ṣe bó ṣe ń dun yín tó.

Rọ́bà tíúbù ọ̀kadà, bẹ́líìtì, gèlè, okùn: ẹ gbé gbogbo wọn sílẹ̀. Kò sí èyí tó ní nọ́ńbà lára. Ohun tó tín-ín-rín tún máa ń rì sínú ẹran, ó sì nílò agbára púpọ̀ ju ọ̀já fífẹ̀ lọ kó tó ṣe iṣẹ́ kan náà. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń ta yìnrìnyìnrìn fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀já afẹ́fẹ́ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12 ni kí ẹ lò fún itan, kí ó ní pọ́ǹpù ọwọ́ àti aago ìwọ̀n tí kò ní kúrò lára rẹ̀ títí ẹ ó fi parí. Ẹ̀rọ ìfúnpá oníbátìrì tó wà nílé kò wúlò fún èyí: òun fúnra rẹ̀ ló ń tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Oníṣègùn físíò ni yóò ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rọ Doppler kékeré, èyí tó ń jẹ́ kí a gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìjókòó lẹ ó ti ṣeré, ìjókòó ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà ìdùbúlẹ̀ kì í bá ti ìjókòó mu. Ẹ kọ́kọ́ sinmi fún ìṣẹ́jú 5. Kí ọ̀já wà lókè pátápátá ní itan, kí ìka kan ṣì lè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á gbé Doppler sẹ́yìn kókó ọrùn ẹsẹ̀ ní apá inú, wọ́n á máa fẹ́ ọ̀já ní 20, 20, títí ìró yóò fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á tú u díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ìró ti padà dé ni nọ́ńbà yín.

Ká ní 160 ni. Ní ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, ìpín 40 nínú 100 rẹ̀ ni ẹ ó lò, ìyẹn 64. Lẹ́yìn náà, ìdajì: 80. Ẹ dúró níbẹ̀ àfi bí físíò bá sọ pé kí ẹ lé e. Fún apá, ọrùn ọwọ́ lápá àtàǹpàkò ni wọ́n ti ń gbọ́ ìró. Bó bá dákẹ́ ní 130, ẹ lo 52, kí ẹ má ṣe kọjá 65 láé.

Nọ́ńbà ọ̀tún kì í ṣe ti òsì. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kì í sì í ṣe ti òní. Ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ lè fi omi kìlò 2 tàbí 3 kún ara láàárín ọjọ́ ìfọ̀ kan sí èkejì. Ẹsẹ̀ tó wú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ tí wọ́n wọ̀n níjọ́sí. Bí dókítà bá yí oògùn ìfúnpá padà, bákan náà ni. Ọ̀pọ̀ ló ń ka èyí sí wàhálà àṣejù, àwọn náà ló sì ń padà wá bi wá ìdí tí ẹsẹ̀ àwọn fi dúdú.

Ẹrù àti iye ìgbà

Lọ́jọ́ kan tí ìfúnpá bá dára, láì de ọ̀já, ẹ jókòó lórí àga kí ẹ wá ẹrù tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ gbé ní ìgbà 10 tí ìkọkànlá kò ní ṣeé ṣe. Ká ní kìlò 6 ni. Ẹ pín in sí 3, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4: kìlò 8, ìyẹn ẹrù tí a rò pé ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdámárùn-ún rẹ̀ lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, kìlò 1.6. Ọ̀rá omi onísẹ́ńtílítà 50 jẹ́ ìdajì kìlò, nítorí náà 3 nínú àpò aṣọ, tí ẹ so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ láì fún un, ti súnmọ́ ọn tó.

Ẹ na orúnkún ní ìṣẹ́jú àáyá 2, ẹ dá a padà ní 2. Ẹ ṣe é ní ìgbà 30, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Lẹ́yìn náà ìgbà 15, ìsinmi bẹ́ẹ̀, ìgbà 15, ìsinmi, ìgbà 15. Ọ̀já kò ní tú láàárín wọn. Gbogbo rẹ̀ kò ní gbà ju ìṣẹ́jú 7 lọ, ìdè kan kò sì gbọdọ̀ kọjá 10 láé. Ẹ tú u pátá kí ẹ tó kọjú sí ẹsẹ̀ kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ kan ó kéré tán wà láàárín.

Ní ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, 15 lẹ́ẹ̀mejì péré ni. A mọ̀ pé yóò kéré lójú yín. Ẹni tó bá fi ọjọ́ kìn-ín-ní fi agbára hàn lè ba iṣu ẹran jẹ́, ìdọ̀tí inú ẹran náà á sì lọ dí kíndìnrín tó ti ń ṣàárẹ̀. Bí ìtọ̀ bá dúdú bíi kóòkì, tàbí itan wú tó ń ro gógó ní ọjọ́ kejì, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe lo ibuprofen tàbí diclofenac sí i, ẹ má sì fi àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tàbí àgbo ara ríro lé e.

Ẹni tí ìdè kò tọ́ sí

Apá tí wọ́n ti ṣe fístúlà (iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀ kí wọ́n lè máa ti ibẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀), tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣe é sí: ọ̀já kankan kò gbọdọ̀ kàn án, títí kan ti ẹ̀rọ ìfúnpá. Iṣan yẹn ni ọ̀nà ẹ̀mí aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ rí, aláboyún, ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹni tó ní egbò àtọ̀gbẹ lẹ́sẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú ju èkejì lọ. Ẹni tó jẹ́ AS, kó sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìfúnpá bá dé 160/100 láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ ṣe é lórí ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀, wákàtí 2 àkọ́kọ́ ni kó ti ṣe é, ẹsẹ̀ nìkan, kí nọ́ọ̀sì sì mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ìfúnpá máa ń já wálẹ̀, iṣan sì máa ń fa.

Ohun tí ará ilé ń wò

Ẹ má lọ sí ilé ìdáná. Ẹ jókòó ti aláìsàn. Nígbà ìsinmi kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Àwọ̀ gbọ́dọ̀ padà kí ẹ tó ka 3. Àtẹ́lẹsẹ̀ àti èékánná ni kí ẹ wò, awọ dúdú kì í fi í hàn níbòmíràn. Kí itan máa gbóná kó sì máa ro, kò burú. Ìtayìnrìn, òtútù ẹsẹ̀, kí ó kú típiri, òòyì: ẹ ṣí fáàlù lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dé ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan: ọjọ́, nọ́ńbà ọ̀já fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kìlò, ìfúnpá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 tí ẹ parí. Ẹ mú un dání lọ sí kíníkì. Ọjọ́ tí kò bá sí nọ́ńbà tuntun nínú rẹ̀, ẹ gbé ẹrù náà láì de ọ̀já.