Èépo tí à ń dà nù ló di tòmátò nínú ìkòkò wa

Ìdí garawa ìdọ̀tí ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gbé e jáde, ó wúwo débi pé apá ń ro mí, mo bá tú u sílẹ̀ kí n wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Èépo àlùbọ́sà, èépo kárọ́ọ̀tì, igi ẹ̀fọ́, èso tó ti rọ̀ kọjá jíjẹ, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tíì. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń fi òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun wọn gbogbo ohun tí ilé ìdáná wa ń dà nù. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa yí po, àwa márùn-ún tí a wà nílé ti da kílò 6 nù, owó wa ni a sì fi ra gbogbo rẹ̀.

Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìnkùlé wa tí kò ju yàrá kan lọ, tó le bí òkúta, tí koríko pàápàá ń ráre lórí rẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ ní àwọn máa ra àpò ajílẹ̀ wá. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún mi ní oṣù díẹ̀ ná. Ó ń dùn mí pé a ń fi owó ra ohun tí a máa jẹ, a tún fẹ́ fi owó ra ohun tí ilẹ̀ máa jẹ, nígbà tó jẹ́ pé oúnjẹ ilẹ̀ wà nínú garawa tí à ń gbé sọ nù.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó èépo wa jọ ní òkìtì kó lè jẹrà di ajílẹ̀. Òkìtì àkọ́kọ́ tí mo ṣe bàjẹ́. Èépo nìkan ni mo ń dà jọ sí igun kan. Kò pé ọjọ́ 10 tó fi ń rùn bí òbu ẹyin, eṣinṣin bò ó, omi dúdú ń sun jáde lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi àbíkẹ́yìn ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kó o sọ nù.” Díẹ̀ ló kù kí n gbọ́ tirẹ̀.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti yé ni. Èépo tútù kún fún omi àti náítírójìn, èròjà tí ewéko fi ń dàgbà. Tí a bá dà wọ́n lé ara wọn láìfi ohun gbígbẹ sáàárín, wọ́n á wó palẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ ò sì ní ráyè wọlé. Àwọn bakitéríà, ìyẹn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín, tó ń sọ ìdọ̀tí di ilẹ̀ láìrùn ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bí àwa náà ṣe ń fẹ́ ẹ. Níbi tí afẹ́fẹ́ ò bá sí, irú mìíràn ló máa gba ipò wọn, àwọn yẹn ló sì ń mú òórùn burúkú wá. Ewé gbígbẹ, koríko gbígbẹ, páálí tí a fà ya wẹ́wẹ́: ohun tí òkìtì mi ò ní nìyẹn.

Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, mo tún un tò. Garawa èépo 1, garawa ewé gbígbẹ 3, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń tò ó lé ara wọn títí ó fi ga tó mítà 1, tí ìbú àti gígùn rẹ̀ náà tó mítà 1. Ẹ má fi ojú kékeré wo ìwọ̀n yẹn o, nítorí òkìtì tó bá kéré jù kì í lè di ooru rẹ̀ mú. Ewé ilé wa ò tó. Mo lọ bẹ àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n má dáná sun èyí tí wọ́n bá gbá jọ mọ́, kí wọ́n máa kó o fún mi. Bí mo ṣe ń tò ó ni mo ń wọ́n omi sí i. Tí mo bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan tí mo fún un, ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ló yẹ kó jáde. Tó bá ń ṣàn, omi ti pọ̀ jù; tí kò bá kán rárá, ó ti gbẹ jù.

Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin, mo rí i tí ooru ń rú jáde lórí òkìtì náà bí ìgbà tí a ṣí ìkòkò. Mo ki tẹmómítà bọ àárín rẹ̀: 60°C. Inú mi dùn débi pé mo lọ jí àwọn ọmọ kí wọ́n wá wò ó. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ kankan. Àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tó ń jẹun nínú rẹ̀ ló ń mú ooru náà wá. Láàárín 55 sí 65°C, èso koríko àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòkòrò àrùn ò ní lè yè é. Bí ooru náà bá ti bọ́ sílẹ̀, mo máa ń fi fọ́ọ̀kì oko yí i, kí ti ìta lè bọ́ sí àárín, ooru á sì tún gbéra. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni mo yí i. Mi ò jẹ́ kí ẹran, ẹja, òróró tàbí wàrà débẹ̀ nítorí eku, mi ò sì jẹ́ kí ìgbẹ́ ajá tàbí ti ológbò débẹ̀ nítorí àrùn. Oṣù 4 ló gbà. Nígbà tí mo jọ̀ ọ́, ó dúdú, ó rọ̀, ó ń ta sánsán bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Ní gbogbo àsìkò tí òkìtì ń sè, èmi ń ṣọ́ oòrùn. Tòmátò ń fẹ́ oòrùn tààrà fún wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́, ògiri ilé wa sì máa ń ṣíji bo ilẹ̀ náà. Mo ń ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ níbi tí òjìji bá dé ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tí mo ti fọkàn sí tẹ́lẹ̀, wákàtí 3 péré ni oòrùn ń lò níbẹ̀, ni mo bá kọjá sí òdìkejì. Ebè tí mo kọ ò fẹ̀ ju mítà 1 lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ká má bàa máa tẹ ilẹ̀ tí a ti tú. Mo tẹ́ ajílẹ̀ náà sórí rẹ̀, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 7, mo sì pò ó mọ́ ilẹ̀. Ọkọ́, garawa àti fọ́ọ̀kì oko yẹn ni gbogbo irinṣẹ́ mi.

Kóró tòmátò ni mo kọ́kọ́ gbìn, nínú ife oníke tí a ti lò tí mo lu ìdí wọn. Wọ́n hù láàárín ọjọ́ 7. Nígbà tí wọ́n ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, mo ń gbé wọn síta fún wákàtí díẹ̀, mo ń fi kún un lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí oòrùn àti atẹ́gùn má bàa pa wọ́n lára, lẹ́yìn náà mo lọ́ wọn sórí ebè. Mo ri igi wọn mọ́lẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ ewé òkè, torí gbòǹgbò máa ń yọ lára igi tòmátò níbi tí ilẹ̀ bá ti bò ó. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 50 ló wà láàárín wọn. Ọjọ́ tí mo lọ́ wọn náà ni mo ri ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹni tó bá dúró kí wọ́n dàgbà kó tó ri ọ̀pá máa gún gbòǹgbò wọn.

Nígbà tí èso ń pọ́n bọ̀ ni a rìnrìn àjò ọjọ́ 5. Ilẹ̀ gbẹ táútáú. Bí a ṣe dé ni mo da omi lé e lórí, garawa lé garawa. Kò pẹ́ sígbà náà ni mo rí i pé ìdí àwọn tòmátò àkọ́kọ́ ti dúdú, ó sì rì wọnú. Mo rò pé àrùn ni, mo ti di ọ̀kan mú kí n hú u. Ọmọ mi àgbà ló ní, “Màmá, ẹ dúró ná, ewé rẹ̀ ò ní àbàwọ́n kankan.” Òótọ́ ló sọ. Kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú ara èso le, ni èso náà ò rí gbà, bẹ́ẹ̀ kálísíọ̀mù sì wà nínú ilẹ̀. Inú omi ló máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ èso. Tí omi bá dá lónìí, tó tún kún lọ́la, èso tó ń dàgbà ò ní rí i gbà bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń fọ́n èèpo ẹyin sí ìdí tòmátò tó ti dúdú pé omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ bojú tó. Èèpo ẹyin kì í tètè jẹrà, kò sí bó ṣe lè gba èso tó ti wà lórí igi là.

Mo já gbogbo èyí tó bàjẹ́. A gé ibi tó dúdú kúrò, a se ìyókù. Mo wá ń bomi rin wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ní àárọ̀, ní ìdí, kì í ṣe lórí ewé, kó mu dáadáa kí n tó kúrò níbẹ̀. Mo fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 6, mi ò sì jẹ́ kó fara kan igi. Àwọn èso tó tẹ̀lé e mọ́ tónítóní. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lórí ilẹ̀ yẹn, bíbò yìí ló rọrùn jù, òun náà ló sì ṣe wá láǹfààní jù.

Ẹ̀wà ni mo gbìn sí ìdajì ebè tó kù. Gbòǹgbò rẹ̀ ní kókó wẹ́wẹ́ tí bakitéríà ń gbé inú wọn, àwọn ló ń gba náítírójìn inú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún un. Mo hú ẹyọ kan wò, mo la kókó náà, inú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìyẹn ni pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a ká a tán, mi ò hú ìyókù, mo gé wọn ní ojú ilẹ̀ kí gbòǹgbò jẹrà síbẹ̀. Tí ẹ bá gbin ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bí kíndìnrín, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ sì jẹ́ kó hó gidigidi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kí ẹ sè é títí yóò fi rọ̀. Májèlé kan wà nínú rẹ̀ ní tútù tó ń fa èébì, iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kì í sì í pa á.

Ìgbà tí tòmátò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n tán lẹ́ẹ̀kan náà ni ilé ìdáná gba iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí a ká kílò 9. Mo ń sè é láìbu omi kankan sí i, n ò dé e, kí omi ara rẹ̀ gbẹ títí yóò fi ki. Èépo àlùbọ́sà tó mọ́, orí kárọ́ọ̀tì àti igi ẹ̀fọ́ ni mo ń kó sínú ìkòkò mìíràn, mo ń bọ̀ wọ́n fún ìṣẹ́jú 45, mo sẹ́ omi rẹ̀, òun ni mo fi ń se ẹ̀wà. Ìyókù tó bá tutù, ó di ti òkìtì. Èyí tí mo sè tó ki, inú fírísà ni mo kó o sí. Ẹnì kan gbà mí níyànjú pé kí n rọ ọ́ sínú ìgò kí n gbé e sórí pẹpẹ. Mi ò ṣe é. Kíkan tòmátò ò dọ́gba, òmíràn ò kan tó láti dá botulísíìmù dúró, ìyẹn bakitéríà kan tó ń ṣe májèlé nínú ìgò tí afẹ́fẹ́ ò sí, májèlé yẹn sì lè pani.

Kílò 6 nínú tòmátò náà ni mo sá sóòrùn. Mo là wọ́n, mo tò wọ́n sórí àwọ̀n, mo fi àwọ̀n mìíràn bò wọ́n nítorí eṣinṣin, mo ń kó wọn wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ 4 tí oòrùn mú gan-an ni wọ́n fi gbẹ, tí wọ́n rí bí awọ, tí mo fún wọn tí omi ò jáde. Gíráàmù 400 péré ló kù, torí omi ló pọ̀ jù nínú tòmátò. Mo kó wọn sínú ìgò láìkún, mo ń gbọn ìgò náà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 7. Ọ̀kan làágùn nínú, mo tú u, mo tún un sá.

Kí wọ́n tó tán lórí igi, mo ti mú mẹ́ta tó dára jù sọ́tọ̀ fún kóró. Mo fún inú wọn sínú ife, mo bu omi díẹ̀ sí i, mo fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 3 kí ohun yíyọ̀ tó bo kóró náà lè jẹrà kúrò. Kóró tó dára rì, mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sórí àwo, torí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ bébà. Tó bá jẹ́ pé irú tí wọ́n kọ F1 sí lára páálí rẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n fi irú méjì dà pọ̀, ni mo gbìn, n ò ní yọnu sí i, torí ọmọ rẹ̀ kì í jọ ọ́.

Oṣù 3 gbáko ni a ò fi ra tòmátò. Garawa ìdọ̀tí wa, tí mo tún wọ̀n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò tó kílò 1. Bàbá àwọn ọmọ ti ń bá mi yí òkìtì báyìí, wọ́n sì ti ń wo ilẹ̀ tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kóró ti ara wa ti hù nínú ife 14. Òkìtì tuntun wà ní 48°C ní àárọ̀ yìí. Tó bá tún bọ́ sílẹ̀ lọ́la, a máa yí i.